Ọmọ mi kò gbọdọ̀ jẹ àlìkámà: kí ni mo lè fi ṣe crumble eléso fún un?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí Táákì. Ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé nínú oṣù kẹwàá. Ó ti lo ọdún mẹ́rin ní England, ibẹ̀ ni dókítà ti sọ fún un pé ó ní àìsàn celiac, pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohunkóhun tó bá ní gluten mọ́ títí ayé. Ó ní ohun tí òun fẹ́ràn jù lásìkò yìí lọ́hùn-ún, nígbà tí ewé bá ń wọ́, ni èso gbígbóná tí wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun oníwóró lé lórí, tí wọ́n wá yan. Crumble ló pè é. Mo fẹ́ kó bá a nílé. Èmi àti òun nìkan la máa jẹ ẹ́, mi ò fẹ́ ṣe rẹpẹtẹ. Kí ni mo lè fi rọ́pò fúláwà? Sítóòfù gáàsì olójú méjì ni mo ní, mi ò ní ófùnù. Ìyá Àdùkẹ́.”

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Kò ní kọsẹ̀ lọ́nà, ayọ̀ la ó fi gbà á o.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yí ìbéèrè yín padà díẹ̀. Ẹ ní kí lẹ lè fi rọ́pò fúláwà. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ búrẹ́dì là ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú crumble, fúláwà kò ṣe iṣẹ́ tí ẹ rò pé ó ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kó gbà yín lọ́kàn ni ibi tí ẹ máa ti lọ ọkà tí ẹ fẹ́ lò, àti asẹ́ tí ẹ máa fi sẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni ewu wà. Èyí tó kù, nǹkan tó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

Gluten jẹ́ èròjà kan tó wà nínú àlìkámà, báálì àti ráì. Tí ẹ bá ti po fúláwà rí, tí ẹ pò ó títí tó fi ń fà bí rọ́bà, gluten lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Òun ló ń di afẹ́fẹ́ mú nínú búrẹ́dì tí búrẹ́dì fi ń wú. Ẹni tó fẹ́ ṣe búrẹ́dì láìsí gluten ló niṣẹ́ lọ́wọ́, torí ó gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn tó máa di afẹ́fẹ́ yẹn mú. Ẹ wá wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe crumble. Wọ́n á fi ìka ra bọ́tà tútù mọ́ fúláwà gbígbẹ. Wọn kì í da omi sí i, wọn kì í pò ó. Kí ni wọ́n ń sá fún? Gluten náà ni. Bọ́tà yẹn ló ń bo ìyẹ̀fun lára kí omi má baà ráyè wọ inú rẹ̀, torí tí ó bá fà pẹ́nrẹ́n, á le bíi páálì. Oúnjẹ tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, àlìkámà gan-an ló ń kó ìyọnu bá a. Ọkà bàbà kò ní gluten, kò mọ ìyọnu yẹn rárá.

Oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n sì ni crumble látilẹ̀. Àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì ló gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1940 ni ìjọba wọn ti ń díwọ̀n bọ́tà àti ṣúgà fún ará ìlú, ó sì di 1954 kí wọ́n tó fòpin sí ìdíwọ̀n oúnjẹ pátápátá. Páì tí wọ́n ń fi èso ṣe tẹ́lẹ̀ máa ń gba bọ́tà púpọ̀, ni àwọn ìyá bá ń fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wọn ra ìyẹ̀fun, wọ́n ń wọ́n ọn lé èso lórí. Ohun tó bá wà nílé ni wọ́n fi ń ṣe é. Tí ẹ bá fi gàrí àti kajú ṣe é, ẹ kò ba oúnjẹ olóúnjẹ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹ̀rọ ìlọkà.

Àìsàn celiac kọjá kí inú máa ṣe ẹni wúrúkú lẹ́yìn oúnjẹ. Tí gluten bá ti wọ inú ẹni tó ní in, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ fúnra wọn ló máa dìde, wọ́n á máa ba ògiri ìfun kékeré jẹ́, níbi tí ara ti ń fa oúnjẹ mu. Èèyàn á máa jẹun, ara kò ní rí i gbà. Ẹ̀jẹ̀ lè gbẹ, egungun lè má lágbára mọ́. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn, yíyẹra fún gluten nìkan ni, bí ó sì ti wù kó kéré mọ, ó lè dá ọgbẹ́ inú yẹn padà. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, sọ pé oúnjẹ tí wọ́n bá kọ “gluten-free” sí lára kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 gluten lọ nínú kílò kan. Ẹ fi ìka méjì bu iyọ̀: ohun tó wà láàárín ìka yín yẹn ti ju mílígíráàmù 20 lọ dáadáa.

Ẹ wá ronú sí ilé ẹ̀rọ kan ní ọjà Wàásò. Ẹnì kan gbé ẹ̀lùbọ́ wá, ẹnì kan gbé àgbàdo wá, ẹnì kan gbé ẹ̀wà wá. Bàbá kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbé àlìkámà wá, torí wọ́n ní kó máa fi ro òkà dípò iyán. Ẹ̀rọ kan náà ló lọ gbogbo rẹ̀. Ẹlẹ́rọ kò hùwà àìdáa kankan, ó tiẹ̀ gbá ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó da tiyín sí i. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àlìkámà ti lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, ó sì ń fẹ́ kiri nínú atẹ́gùn ilé náà.

Ọ̀nà tó dùn mí ni mo gbà kọ́ èyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníbàárà mi kan ní àlejò tó ní àìsàn yìí, ó ní kí n ṣe kéèkì tí kò ní gluten fún un. Mo fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe é. Mo yẹ gbogbo ohun tí mo lò wò, mo ka ara agolo lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ̀rọ ọjà ni mo ti lọ ìrẹsì yẹn, kò sì wá sí mi lọ́kàn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àlejò yẹn, ó lo odidi ọjọ́ mẹ́ta lórí ibùsùn. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ó sì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbé ọkà tí ẹni tó ní celiac máa jẹ lọ sí ẹ̀rọ ọjà mọ́ láé.

Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́. Ọkà bàbà pupa ni kí ẹ rà, kí ó jẹ́ hóró, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lọ̀. Hóró ṣeé ṣà, ó ṣeé fọ̀. Tí ìyá ọlọ́jà bá ń fi kọ́ńgò kan náà wọn àlìkámà àti ọkà bàbà, fífọ̀ yẹn ló máa gbà yín, àmọ́ ẹ ṣà á lójú méjèèjì kí hóró àlìkámà kankan má baà fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sá a lórí aṣọ mímọ́ títí á fi gbẹ kánrinkése, ẹ wá lọ̀ ọ́ nínú ife kékeré tí wọ́n fi ń lọ ohun gbígbẹ lára búlẹ́ńdà. Kò pọn dandan kó kúnná bí ẹlẹ́bu. Tí ẹ bá sẹ́ ẹ tán, ìwọ̀nba wóró tó kù lójú asẹ́ náà wúlò, ẹ dà á padà sínú rẹ̀. Èyí tí ẹ ò fẹ́ nínú ẹ̀kọ, òun gan-an la fẹ́ níbí.

Ẹ ra asẹ́ tuntun. Mo mọ̀ pé ẹ ní òmíràn nílé, àmọ́ kò sí bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ tí fúláwà àtijọ́ máa kúrò tán lójú rẹ̀. Ọmọrogùn igi tí ẹ fi ń ro sẹ̀mó náà ńkọ́? Àlìkámà ni sẹ̀mó, igi a sì máa fa nǹkan mu. Ẹ fi ṣíbí irin ro oúnjẹ ọmọ yìí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tó máa lò, tàbí kí ẹ ra ọmọrogùn tuntun tó máa jẹ́ tirẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ohun tí ẹ máa lò nìyí, ó máa tó yín jẹ ní ọjọ́ kan, á sì ṣẹ́ díẹ̀ kù di àárọ̀. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà gíráàmù 70, ìyẹn bíi ṣíbí ìjẹun méje tí kò kún àkúnwọ́sílẹ̀. Gàrí gíráàmù 30, bíi ṣíbí mẹ́ta. Kajú yíyan gíráàmù 50, ìkúnwọ́ kan. Ṣúgà gíráàmù 50, ṣíbí mẹ́rin. Bọ́tà gíráàmù 60, ṣíbí mẹ́rin. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣíbí kan péré. Iyọ̀ bíńtín, tí bọ́tà yín kò bá ti ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀. Èso tí ẹ ti bó, tí ẹ ti gé, kí ó tó gíráàmù 400. Ẹ kò nílò ẹyin, ẹ kò nílò páúdà tó ń mú kéèkì wú.

Gàrí nínú crumble lè yà yín lẹ́nu. Òun ni mo fi ń yangàn jù nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa oúnjẹ yìí. Ìṣòro crumble aláìní-gluten ni pé ìyẹ̀fun nìkan máa ń dà bíi yanrìn lẹ́nu, tàbí kó mu omi èso kó di ẹ̀kọ. Ó ń fẹ́ ohun tí eyín lè rún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa da ọ́ọ̀tì sí i nítorí èyí. Ọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò ní irú gluten ti àlìkámà, àmọ́ inú oko àti ilé iṣẹ́ kan náà ló sábà máa ń gbà kọjá pẹ̀lú àlìkámà àti báálì, àwọn kan tó ní celiac kò sì lè jẹ ẹ́ rárá bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ fi sílẹ̀. Gàrí ti gbẹ, wọ́n ti yan án, ó ní wóró tirẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan ni mo fẹ́, torí kíkan rẹ̀ ń ṣẹ́gun ṣúgà. Ẹ gún un díẹ̀ nínú odó kékeré kí wóró ńlá inú rẹ̀ má baà dun eyín. Ẹ má sọ ọ́ di ìyẹ̀fun o.

Mo mọ̀ pé ọmọ Ajílété ni yín, ẹ máa bi mí pé láfún ńkọ́. Láfún kò ní gluten, tí ẹ bá sì lọ̀ ọ́ nílé, kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ bu ṣíbí kan dípò sítáàṣì tí mo kọ sókè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ṣe gbogbo ìbòrí náà, á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ra, á wá le gbagidi. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún òkà, ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà. Ẹ̀lùbọ́ iṣu kò bá èso rẹ́ rárá.

Kajú pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti yan tí wọ́n kó sínú ìgò, ẹ má ra tútù tó ṣì wà nínú èèpo kí ẹ ní ẹ fẹ́ yan án fúnra yín: epo inú èèpo yẹn máa ń bó èèyàn lára bí iná. Tí owó kajú bá wọ́n jù, ẹ̀pà yíyan dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀pà tí wọ́n fi nǹkan dídùn wé lára o, fúláwà ni wọ́n fi ń wé e. Ẹ sì bi ọmọ yín kó tó dé bóyá ẹ̀pà tàbí kajú ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyẹn yàtọ̀ sí celiac.

Ní ti èso: ápù tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí lórí àtẹ ní Táákì. Bramley ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi, ó kan, àwọn èèyàn kì í sábà jẹ ẹ́ ní tútù, ṣùgbọ́n tí iná bá ti kàn án, á fọ́ yẹ́ẹ́. Ọmọdébìnrin kan ló gbin hóró rẹ̀ nílùú Southwell ní Nottinghamshire ní 1809, ara igi kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo Bramley ti wá. Ní ìgbà ìwọ́wé, láti oṣù kẹsàn-án lọ, àkókò ìkórè rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì máa ń da èso dúdú kan tí wọ́n ń pè ní blackberry mọ́ ọn, èyí tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà bí ewéko. Òtútù ti ń dé, ilẹ̀ ń tètè ṣú, wọ́n á bu èso gbígbóná yìí sínú abọ́, wọ́n á da kọ́sítáàdì lé e. Mo rò pé ohun tí ọkàn ọmọ yín ń fà sí nìyẹn: ohun tó kan tó sì rọ̀ nísàlẹ̀, ohun tó dùn tó sì ṣeé rún lókè, kí gbogbo rẹ̀ gbóná. Kò di dandan kó jẹ́ ápù.

Ìbá jẹ́ oṣù kẹrin ló ń bọ̀ ni, mi ò bá ti sọ pé ẹ má wá èso kiri. Mángòrò Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀, tó ṣì ń kan díẹ̀, kò sí èso kan lórí ilẹ̀ wa tó sún mọ́ Bramley tó o. Tó bá ti kan iná, á rọ̀, kíkan rẹ̀ kò ní lọ. Ẹ fi sọ́kàn di ọdún tó ń bọ̀. Ìyeyè náà dára gan-an, àmọ́ tirẹ̀ náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí ọmọ bá máa dé, hóró rẹ̀ sì máa ń gba sùúrù.

Ní oṣù kẹwàá, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti gúáfà ni kí ẹ wá. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó gíráàmù 250, gúáfà gíráàmù 150, ìyẹn bíi mẹ́ta tí kò tóbi jù. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ní kíkan, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ pọ̀. Gúáfà ló máa mú omi náà ki, torí ó ní èròjà tó ń mú jáàmù dì. Ẹ gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó wẹ́wẹ́, ẹ gbé e kaná nìkan pẹ̀lú ṣíbí ṣúgà kan, láì dé e, kí omi rẹ̀ máa gbẹ lọ. Ẹ la gúáfà sí méjì, ẹ fi ṣíbí ha inú rẹ̀ tó ní hóró sínú ìkòkò kékeré pẹ̀lú omi ṣíbí mẹ́ta, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi asẹ́ tuntun yẹn sẹ́ ẹ kí hóró kù sókè. Ohun tó kán sílẹ̀ yẹn ni góòlù iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn a sì dà á nù. Ẹ dà á mọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ gé ara gúáfà tó kù sí i, ẹ rin atalẹ̀ tó tó orí ìka kan sí i, ẹ fún ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i. Kànáfùrù méjì, tí ẹ bá fẹ́ òórùn ìgbà òtútù wọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó gbé oúnjẹ sílẹ̀. Tó bá ti ń hó wùkùwùkù tí omi rẹ̀ kò ṣàn mọ́, ó ti tó.

Tí ẹ bá rí ápù tútù aláwọ̀ ewé tó kan, mẹ́ta tó, ẹ sè é pẹ̀lú omi ṣíbí méjì àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ápù pupa dùn jù, kì í sì í fọ́. Ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n lè bá ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ bí ẹ kò bá rí gúáfà.

Ẹ ní ẹ kò ní ófùnù. Ọ̀pọ̀ lára wa máa ń da yanrìn sínú ìkòkò ńlá, wọ́n á gbé abọ́ lé e, wọ́n á dé e, kéèkì á sì jinná. Fún kéèkì, ó dára. Fún crumble, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ooru inú ìkòkò yẹn máa ń di omi lára ọmọrí, á máa kán sórí ìbòrí yín, orí oúnjẹ á funfun, á tutù bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ìyá mi máa ń kó ẹyin iná sórí ọmọrí ìkòkò kí ooru lè ti òkè wá, ìyẹn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orí ààrò ni, kì í ṣe lórí gáàsì.

Pẹ́ẹ̀nù ìdín-nǹkan ni mo fẹ́ kí ẹ lò. Ẹ gbé bọ́tà sínú fírísà di dídì; tí kò bá sí iná, ẹ ra omi dídì, ẹ fi abọ́ rẹ̀ lé e. Oòrùn wa kì í jẹ́ kí bọ́tà le, bọ́tà tó ti yọ́ kì í sì í ṣe wóró. Ẹ fi ohun tí ẹ fi ń rin kárọ́ọ̀tì rin ín sínú ìyẹ̀fun, gàrí, sítáàṣì àti ṣúgà tí ẹ ti pò pọ̀. Ẹ wá fi orí ìka ra á, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, torí àtẹ́lẹwọ́ gbóná. Ẹ ra á títí á fi dà bíi gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nínú àpò ìfún, tó ṣì ní ìdì-ìdì. Ẹ wọ́n omi tútù ṣíbí kékeré kan sí i, ẹ fọwọ́ fún ìkúnwọ́ mélòó kan kó dì, ẹ tú u díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ọkà bàbà nílò àkókò yẹn kó lè mu bọ́tà àti omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ lẹ́nu bíi yanrìn. Ìsinmi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò.

Ẹ wá gbé pẹ́ẹ̀nù gbígbẹ kaná, iná tó kéré jù lọ tí gáàsì yín ní. Ẹ tẹ́ ìbòrí sí i, ẹ má rò ó bí ẹni ro ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí abẹ́ rẹ̀ pọ́n, kí ẹ tó fi ṣíbí yí i padà jẹ́jẹ́ kí ìdì rẹ̀ má fọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan sí ìparí ni kí ẹ da kajú tí ẹ ti gé sí i, torí yíyan ni tẹ́lẹ̀, tó bá pẹ́ á jóná á sì korò. Ọkà bàbà pupa ti ní àwọ̀ tirẹ̀, ojú lè tàn yín jẹ pé ó ti pọ́n, ẹ fi imú ṣọ́ ọ: tó bá ti ń ta sánsán bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ tú u sórí àwo pẹrẹsẹ. Á rọ̀ nígbà tó bá gbóná. Ẹ má bẹ̀rù, tó bá tutù á le.

Ẹ bu èso gbígbóná sínú abọ́, ẹ wọ́n ìbòrí lé e nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ gan-an. Bí ẹ bá rí aládùúgbò tó ní ófùnù nílé rẹ̀, ẹ kò ní lò pẹ́ẹ̀nù: ẹ wọ́n ìbòrí tútù lórí èso nínú abọ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 16, ẹ fi abẹ́ rẹ̀ sínú àwo mìíràn kó má kan irin ófùnù tí búrẹ́dì ti gbé, ẹ yan án ní 180°C fún ọgbọ̀n sí márùndínlógójì ìṣẹ́jú, títí omi èso á fi máa hó yọ létí abọ́. Ilé ìyan-búrẹ́dì kọ́ o. Inúure ni wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ yín, fúláwà inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan ti tó láti ba gbogbo iṣẹ́ yín jẹ́.

Kọ́sítáàdì tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wa, sítáàṣì àgbàdo ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka ara agolo. Tí ẹ bá rí àlìkámà, báálì tàbí máàtì níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ọtí máàtì tí a máa ń gbé fún àlejò náà, báálì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbé fún un tó bá wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò bi mí, àmọ́ mi ò lè má sọ ọ́. Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Ìyá, bàbá àti ọmọ ìyá ẹni tó ní in wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí nǹkan kan lára. Tí ó bá ti pẹ́ tí inú ti ń yọ ẹ̀yin náà lẹ́nu, tàbí tí wọ́n ń sọ fún yín lóòrèkóòrè pé ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, ẹ sọ fún dókítà yín pé ọmọ yín ní celiac, kí ó fi ẹ̀jẹ̀ yín ṣe àyẹ̀wò. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ má jáwọ́ nínú jíjẹ búrẹ́dì àti sẹ̀mó. Tí ẹ bá ti jáwọ́, àyẹ̀wò náà lè má rí ohun tó wà níbẹ̀.

Tó bá ṣẹ́kù, ẹ má da ìbòrí àti èso pọ̀ mọ́jú. Èso lọ́tọ̀ nínú fíríìjì, ìbòrí lọ́tọ̀ nínú ike tó ní ìdérí, ọjọ́ mẹ́ta kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ìyẹn ló sì jẹ́ kí iṣẹ́ yìí rọrùn fún yín. Tó bá jẹ́ Sátidé ni ọmọ ń dé, ẹ fọ ọkà ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí oòrùn lè pa á dáadáa. Ẹ lọ̀ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ yan ìbòrí ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Ẹ gé èso sílẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù wà nítòsí. Tó bá ti pè yín pé ọkọ̀ àwọn ti kọjá Ọ̀yọ́, ẹ gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kaná.